Orúnkún Obìnrin Òkè-Ẹtù

"Ẹ má gbé e kọ́ síbẹ̀!" Mo di táyà ẹ̀yìn mú. "Kẹ̀kẹ́ ìyá mi kì í ṣe àwòrán ara ògiri."

"Yéwándé, fi kẹ̀kẹ́ yìí sílẹ̀."

"N ò fi sílẹ̀, ọ̀gá. Ẹ má bínú, ṣùgbọ́n n ò fi sílẹ̀."

Ọ̀gá Ajéwọlé ń fa ọwọ́ kẹ̀kẹ́, èmi ń fa táyà, àfi bí ọmọdé méjì tó ń du àkàrà. Ẹ̀yìn ló bá mi ṣẹ́gun ọ̀gá. Wọ́n kérora, "Yéè!", wọ́n sì jọ̀wọ́ rẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ ti ìbàdí. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni wọ́n, alábòójútó Ilé Ìwọ̀n Òkè-Ẹtù, ìlú wa, láti ìgbà tí mo sì ti gbọ́njú ni ẹ̀yìn ti ń dùn wọ́n. Lọ́jọ́ mìíràn ǹ bá sáré bá wọn wá àga. Lọ́jọ́ yẹn, n kò tilẹ̀ wo apá ibi tí àga wà.

Ìyá mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń so okùn bàtà wọn. Ìwé tí Yèyé, ẹ̀rọ tó ń wọn èèyàn fún kẹ̀kẹ́, ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ̀ jáde wà lórí itan wọn. Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta, bóyá lẹ́tà á yí padà. Kò yí padà. *Gígùn ẹsẹ̀: sẹ̀ǹtímítà mọ́kànléláàádọ́rin. Kí a rẹ ìjókòó sílẹ̀ sí i. Orúnkún kò dára. Ìkìlọ̀ kẹta. Ìsinmi.*

Ìsinmi! Ẹ wo orúkọ dídùn tí wọ́n fún ìyà. Ẹni tí ìsinmi bá kàn, wọ́n á gba kẹ̀kẹ́ rẹ̀, wọ́n á gbé e kọ́ sára ògiri ńlá tó wà lẹ́yìn wa yìí, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, wọ́n á ní ó ti ṣe gudugudu méje. Kò ní gun kẹ̀kẹ́ mọ́ láyé rẹ̀. Kò sì sí ọkọ̀ mìíràn tí yóò wọ̀. Epo ti tán kí wọ́n tó bí mi. Àwọn mọ́tò tó kù nílùú wa, adìẹ ló ń yé sínú wọn.

Ìyá mi ló ń gbé àpótí oògùn tútù gun òkè lọ sí abúlé Orí-Àpáta, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n rèé. Wọ́n á rí ẹlòmíràn gbé oògùn, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò rí nǹkan mìíràn fún ìyá mi? Mo mọ̀ wọ́n. Tí òjò bá dá wọn dúró sílé fún ọjọ́ méjì péré, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìkòkò jà.

"Àtúnwọ̀n," ni mo wí. "Òfin gba àtúnwọ̀n kan."

"Ọjọ́ náà gan-an, kí aago mẹ́rin tó lù," ni ọ̀gá dáhùn. "Mẹ́ta ti kọjá. Ẹlòmíràn ṣì wà níwájú. Kí sì ni àtúnwọ̀n fẹ́ yí padà? Yèyé kì í ṣìnà."

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan."

"Ìbéèrè rẹ tún dé."

Òótọ́ ni, ìbéèrè mi pọ̀. Bí nǹkan bá wà lábẹ́ ìdérí, àfi kí n ṣí i. Àìsàn mi nìyẹn. Mo lọ sí àpótí ìwé, mo kó gbogbo ìwé ìwọ̀n ìyá mi jáde, mẹ́tàlá ni, ọdún méjì méjì, tòní ló ṣe ìkẹrìnlá. Mo tẹ́ wọn sórí tábìlì. Ti àkọ́kọ́ sọ pé ẹsẹ̀ wọn jẹ́ mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Èkejì, mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Ó ń lọ sílẹ̀, ó ń lọ sílẹ̀, títí ó fi dé mọ́kànléláàádọ́rin tòní.

"Ìyá mi ti fi ìka mẹ́fà kúrú, àbí?"

"Àgbà ń dé. Àgbalagbà máa ń sún kì."

"Kó sún kì lẹ́sẹ̀ nìkan? Ẹ wo apá wọn níbí. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, apá kò dín ní ìwọ̀n èékánná. Ẹ tún wo ṣòkòtò tí Yèyé ní kí n yàn fún wọn."

Ìyá mi fúnra wọn wo ẹsẹ̀ wọn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Ṣòkòtò ìgun-kẹ̀kẹ́ yẹn dára, tìmùtìmù rẹ̀ nípọn níbi tó yẹ, kò sí ojú rírán kankan tí yóò máa họ èèyàn nítan. Ṣùgbọ́n kò dé kókósẹ̀. Ó ti fò sókè dé àárín ojúgun.

"Mo ti di ọmọ ayé tuntun ni," ni wọ́n wí. "Bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń wọ̀ ọ́ nìyẹn."

"Màmá, ẹ gun kẹ̀kẹ́ yín. N ó dì í mú. Ẹ jókòó dáadáa, kí ẹ fi gìgísẹ̀ lé pẹ́dà tó wà nísàlẹ̀."

Baba tó kọ́ mi níṣẹ́ ló fi èyí hàn mí, kò sì sí nínú ìwé òfin kankan. Tí ìjókòó bá bá èèyàn mu, tí o bá fi gìgísẹ̀ tẹ pẹ́dà ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ nà tán. Nígbà tí o bá wá fi iwájú ẹsẹ̀ wà á, orúnkún á ká díẹ̀, agbára á sì wọlé. Tí ìjókòó bá ga jù, ìdí á máa yí sọ́tùn-ún sósì. Tó bá lọ sílẹ̀ jù, orúnkún ni yóò san án. Orúnkún ìyá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà wọn. Gbogbo òkè tí wọ́n ń gùn láti ọdún wọ̀nyí wá, ìdajì ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gùn ún.

Ọ̀gá wò ó. Mo rí i pé wọ́n rí i. Wọ́n mi orí, wọ́n ní, "Èdìdì ni èdìdì, Yéwándé."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti èdìdì. Èmi ni onísípánà Ilé Ìwọ̀n. Tí Yèyé bá wọn èèyàn tán, èmi ni mo ń tún ìjókòó ṣe sí ìwọ̀n tó bá sọ, n ó sún ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mọ́ ọn tàbí kí n sún un síwájú, n ó yan ìbọ̀wọ́, bàtà àti akoto, lẹ́yìn náà n ó lẹ èdìdì. Èdìdì yẹn ni ọ̀nà ń kà. Bí o bá já a, tí o fi ọwọ́ ara rẹ gbé ìjókòó sókè, ibodè kò ní ṣí fún ọ, kẹ̀kẹ́ á sì tì pa lábẹ́ rẹ níbi tó bá wù ú. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin kan lórí afárá. Ọjọ́ méjì ló fi tì í wálé.

Ohun tó kù tí n kò lè mójú kúrò lára rẹ̀ ni ògiri yẹn. Mo ka àwọn kẹ̀kẹ́ tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan tí iṣẹ́ kò sí. Ti obìnrin ju ti ọkùnrin lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. "Orúnkún obìnrin Òkè-Ẹtù" ti di ọ̀rọ̀ àwàdà ní gbogbo agbègbè wa. Ibi tí a bá dé, wọ́n á ní kí á wá ra òrí. Àwọn ọkùnrin wa ńkọ́? Ẹ̀yìn ni tiwọn. Tí èmi fúnra mi bá dìde, ẹni ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, orúnkún mi á ró kọ̀ọ́. Mo rò pé ogún ìdílé ni.

Àsìkò yẹn ni Rẹ̀mílẹ́kún wọlé. Ojúgbà ìyá mi ni, àwọn méjèèjì jọ ń gbé ẹrù gun òkè. Adití ni láti kékeré, ọwọ́ la fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ó wo ojú ìyá mi, ó wo ògiri, ó sì lóye. Ó na ọwọ́ sí mi, *ta ló ṣe é?* Mo tọ́ka sí yàrá Yèyé. Ó pòṣé, ó bọ́ sínú aṣọ ìwọ̀n, ó wọ inú yàrá lọ, nítorí òun ló kàn.

Rẹ̀mílẹ́kún yìí nìkan ni obìnrin tí n kì í rẹ ìjókòó rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo ti tún kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣe? Ìwọ̀n kan náà ni, gbogbo ìgbà. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, ó máa ń sáré kọjá lára àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin lórí òkè, á tún ju ọwọ́ sí wọn. Àwọn èèyàn ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbóná ni.

Òfin kò gbà kí onísípánà wo inú yàrá Yèyé. Ẹ̀yìn ilé ni mò ń dúró sí, kí ìwé wá bá mi. Wọ́n tún kọ ọ́ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn pé ẹnikẹ́ni tó bá sọ̀rọ̀ nígbà tí Yèyé bá ń wọn èèyàn lọ́wọ́, yóò dá kọ́kọ́rọ́ èdìdì padà. Ṣùgbọ́n aṣọ ìkélé ní àlàfo lápá òsì, ojú mi kò sì gbé jẹ́ẹ́ rí. Mo yọjú.

"Káàbọ̀, ọmọ mi," ni Yèyé wí. "Ṣé àlàáfíà ni o dé?"

Ohùn ìyá àgbà mi nìyẹn. Àwọn tó gbé ẹ̀rọ náà wá rí i pé ẹ̀rù rẹ̀ ń ba ará ìlú, wọ́n bá bẹ ìyá àgbà, tí í ṣe olórí obìnrin nígbà náà, pé kí ó bá wọn kí èèyàn sínú rẹ̀. Ó kí i, wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kò sì pé ọdún kan tó fi lọ. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n bí mi. Orúkọ mi ti wà nílẹ̀ kí n tó dé. Títí dòní, "Ìyá mi" ni màmá mi ń pè mí, n kì í sì í dáhùn. Màá ní, "Èmi kọ́ o. Ẹ wá ìyá yín lọ síbòmíràn." Èèyàn fẹ́ máa jẹ́ ara rẹ̀.

Rẹ̀mílẹ́kún kò gbọ́ ìkíni. Ó dúró gbagidi, ó ń wo ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé tí Yèyé fi ń wọn èèyàn, tó ń ti ilẹ̀ gun òkè, láti ọmọ ìka ẹsẹ̀ dé orí. Ó tán. Ìwé jáde. Ìwọ̀n kan náà.

Mo sáré padà sí bẹ́ǹṣì.

"Màmá, tí Yèyé bá kí yín, kí lẹ máa ń ṣe?"

Ìyá mi wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú. "Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo máa ń kúnlẹ̀ ni."

"Nínú yàrá tóóró yẹn?"

"Mo máa ń kúnlẹ̀ dé ibi tí àyè bá gbà mí. Ìyá mi ló ń kí mi. Ṣé kí n máa wò ó bọ̀ọ̀?"

"Ọ̀gá, ẹ̀yin ńkọ́?"

Ọ̀gá na ọwọ́ ọ̀tún sílẹ̀ láìmọ̀, wọ́n tẹ ẹ̀yìn ba. "Kò sí àyè ìdọ̀bálẹ̀ níbẹ̀. Mo máa ń…" Ẹnu wọn dúró. Ọwọ́ wọn náà dúró sínú afẹ́fẹ́.

"Yéè! Mo gbé!" ni mo kígbe. Èmi náà ń kúnlẹ̀! Láti ọmọdún mẹ́wàá ni mo ti ń kúnlẹ̀ fún un, láìronú kàn án. Ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n kí àwa tó dìde. Àwọn tó ṣe é kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa; lọ́dọ̀ tiwọn, tí wọ́n bá kí ọ, o máa ń dúró ni. Gbogbo obìnrin ìlú ń gun kẹ̀kẹ́ ẹni tó kúnlẹ̀, gbogbo ọkùnrin ń gun ti ẹni tó tẹ̀ ba, a wá ń fi òrí pa ara.

"Ìgbà àkọ́kọ́ ńkọ́?" ni ọ̀gá bèèrè. Ohùn wọn ti rẹlẹ̀. "Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin."

"Ìyá mi wà láyé nígbà yẹn," ni màmá mi wí. "Òun gan-an ló ń jókòó síbi tí ẹ̀ ń jókòó sí yìí, ọ̀gá. A kàn ń fi ẹ̀rọ náà rẹ́rìn-ín ni. Ta ni yóò kúnlẹ̀ fún ohùn nígbà tí ẹni tó ni ín wà níta?"

Aago fi hàn pé ó ku ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún.

"Ó parí," ni mo wí. "Màmá, ẹ wọlé padà, kí ẹ sì dúró ṣánṣán. Ẹ má kúnlẹ̀."

"Rárá."

"Ẹ gbọ́ ná…"

"Mo ní rárá, Yéwándé. Kí n dúró bí òpó níwájú ohùn ìyá mi? Ṣé bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn?"

"Ẹ jẹ́ kí n fi òwú dí yín létí nígbà náà. Bíi ti Rẹ̀mílẹ́kún. Ẹ kò ní gbọ́ ọ, kò sì ní sí ẹ̀ṣẹ̀."

Ìyá mi rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọdún méjì méjì ni mò ń gbọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ní ọdún méjì. O rò pé nítorí ìjókòó ni mo ṣe máa ń tètè jí lọ́jọ́ ìwọ̀n?"

Inú ń bí mi, ẹkún sì ń gbọ̀n mí, n kò mọ èyí tí màá ṣe. Kí ló dé tí ìyá èèyàn á fi le tó báyìí? Rẹ̀mílẹ́kún, tí ó ti ń wo ètè gbogbo wa, fi ọwọ́ gbá bẹ́ǹṣì. Ó tọ́ka sí ìyá mi, ó tọ́ka sí òkè lóde, ó tún tọ́ka sí ara rẹ̀, ó sì na ìka kan ṣoṣo. *Èmi nìkan ni kí n máa gùn ún?*

Ìyá mi wò ó títí. Wọ́n dìde, wọ́n fi ọwọ́ ti orúnkún. "N ó gbìyànjú," ni wọ́n wí. "N ó dúró. Ọlọ́run á dárí jì mí."

Wọ́n wọlé. Mo dúró síbi àlàfo aṣọ ìkélé, kò sí ẹni tó lé mi. Ọ̀gá gan-an wá dúró lẹ́yìn mi, mò ń gbọ́ èémí wọn.

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Ṣé àlàáfíà ni o dé?"

Ìyá mi dúró. Mo rí i bí wọ́n ṣe di ọwọ́ méjèèjì mọ́ra. Wọ́n ní, "Àlàáfíà ni, Màmá," orúnkún wọn sì ká. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó kàn ká ni. Wọ́n lọ sílẹ̀ dé ibi tí àyè mọ, wọ́n tẹ orí ba, wọ́n dúró síbẹ̀.

Wọ́n ń retí.

Ìgbà yẹn ló wá yé mi, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi. Tí ọmọ bá kúnlẹ̀ kí àgbà, àgbà ló máa ń ní kó dìde. Ìyá àgbà kí wọn sínú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó rántí gba ìyókù sílẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni ìyá mi ti wà lórí ìkúnlẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò ní kí wọ́n dìde.

Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé ti yọ nílẹ̀, ó ti fẹ́ kan ìka ẹsẹ̀ wọn. Kọ́kọ́rọ́ èdìdì wà lọ́rùn mi, mo mọ ohun tí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn. Mo tún mọ̀ pé ọmọ kì í pe ìyá rẹ̀ lórúkọ. Orúkọ kan wà tí n kò pè rí, tí bàbá mi pàápàá kì í pè, torí ìyá àgbà nìkan ló ń pè é.

"Àwẹ̀ró," ni mo wí.

Ẹ̀yìn ìyá mi le gírígírí.

"Àwẹ̀ró, ó tó. Dìde, ọmọ mi. O ó dàgbà, o ó darúgbó. Dìde nílẹ̀."

Wọn kò bojú wẹ̀yìn. "Ẹ ṣeun, Màmá," ni wọ́n wí, wẹ́rẹ́, bí ọmọdé. Wọ́n dìde. Orúnkún ró kọ̀ọ́, wọ́n na ara tán, ìmọ́lẹ̀ sì gùn wọ́n láti ilẹ̀ dé orí.

Ìwé jáde. Ọ̀gá ló kọ́kọ́ mú un. Gígùn ẹsẹ̀: mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Sẹ̀ǹtímítà kan péré ni gbogbo ọdún wọ̀nyẹn gbà lọ́wọ́ ìyá mi. *Kí a gbé ìjókòó sókè. Kò sí ìkìlọ̀.*

Mo bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, mo nà án sí ọ̀gá. Òfin ni òfin. Wọn kò gbà á.

"Kí lo fẹ́ fi fún mi? Ẹ̀yìn ló ń dùn mí tẹ́lẹ̀, etí ti wá dùn kún un. Mi ò gbọ́ nǹkan kan." Wọ́n wo yàrá Yèyé, wọ́n wò mí, wọ́n wúkọ́. "Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Tí mo bá wọ inú ibẹ̀… ṣé o lè bá mi sọ ọ́? Ajélàgbé ni ìyá àgbà rẹ máa ń pè mí."

Èmi, ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n! Ẹni ọgọ́ta ọdún tẹ ẹ̀yìn ba níwájú mi, mo ní, "Ajélàgbé, dìde," ọ̀gá mi sì dìde.

Mo gbé ìjókòó ìyá mi sókè. Mo sún ọwọ́ kẹ̀kẹ́ síwájú díẹ̀ kí èjìká wọn lè tú, mo wá ṣòkòtò tó dé kókósẹ̀ fún wọn, mo lẹ èdìdì. Wọ́n gun kẹ̀kẹ́ náà níta, wọ́n fi gìgísẹ̀ lé pẹ́dà ìsàlẹ̀ láìjẹ́ pé mo sọ fún wọn. Ẹsẹ̀ nà tán. Wọ́n wo ẹsẹ̀ yẹn pẹ́, bí ẹni tó rí ìbátan tó ti sọnù. Lẹ́yìn náà wọ́n di àpótí oògùn mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, torí àwọn ará Orí-Àpáta ń retí, Rẹ̀mílẹ́kún sì ti ń fi ọwọ́ pè wọ́n pé ó tó gẹ́ẹ́.

Ibodè ka èdìdì, ó ṣí. Ìyá mi gbé ẹsẹ̀ kan lé pẹ́dà. Wọ́n yí ojú padà.

"Ìyá mi, mo ń lọ o."

Ẹnu mi ti fẹ́ sọ pé èmi kọ́.

"Ó dàbọ̀, Àwẹ̀ró," ni mo wí. "Rọra gùn ún o, ọmọ mi."